Alákàṣà Ọlọ́wọ́ Méjì Lórí Ibojì Bàbá Rẹ

Erékùṣù Badu,
Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí a ṣí òkúta.

Esra, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Lisi ìyàwó rẹ. Ṣé òtútù Melibọn kò mú yín jù? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, nítorí kò sí àlàáfíà lọ́dọ̀ èmi tí mò ń kọ ọ́.

A ti ṣí aṣọ lórí òkúta ibojì bàbá rẹ. Gbogbo erékùṣù ló wá. A pa ìjàpá òkun, a se iṣu nínú omi àgbọn, gbogbo wa wọ aṣọ tuntun. Ìwọ nìkan la ò rí. Mo ń sọ fún wọn pé, "Ẹ má bínú sí i, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó wá. Òun ló kúkú ṣètò òkúta." Mo ń fi òkúta yẹn yangàn!

Bí wọ́n ti ká aṣọ kúrò, gbogbo èèyàn na ọrùn wò ó. Alákàṣà ni bàbá rẹ fi gbogbo ayé rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ ní ọwọ́ ńlá méjì bíi ti akàn, irú èyí tí ń gbé inú omi tútù ilẹ̀ òkèèrè. Orúkọ ẹ̀yin ọmọ wà lábẹ́ àwọn ọwọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi Ṣadraki ló kọ́kọ́ fọhùn: "Ẹ gbà mí o! Ta ló gbé ẹran inú yìnyín wá bá àna mi?" Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Esra, ojú tì mí, ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Mo pe ẹni tó gbẹ́ ẹ, mo fẹ́ bú u. Ó ní, "Ìyá, ọmọ yín ló fi àwòrán ránṣẹ́. Mo bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní alákàṣà kan ò yàtọ̀ sí èkejì."

Ṣé ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí bàbá rẹ fà lọ́wọ́ wọ òkun kí o tó mọ ìwé kà? Alákàṣà tiwa kò ní ọwọ́ tó fi ń di nǹkan mú. Ẹ̀gún ló ní lára, àti ìwo gígùn méjì. Bí o bá fi ìwo mú un, ìwo á kán, òun á sá lọ. Bí o bá wá gbá a mú dáadáa, á máa han. Bàbá rẹ á ní, "Gbọ́ ọ, Esra, kò lè jà, igbe nìkan ló mọ̀." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, o sunkún títí ó fi tú u sílẹ̀ fún ọ.

Èmi náà ti sunkún títí. Ikú ló mú bàbá rẹ lọ. Kí ló mú ìwọ? Mi ò ní ní kí o wálé mọ́. Kí ni mo fẹ́ fi fà ọ́? Igbe nìkan ni mo mọ̀.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi ò tó. Ilé rẹ kò ní dahoro bíi tèmi. Àwọn ọmọ tí o bá bí kò ní gbàgbé rẹ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Kẹtura.

Àfikún: Ṣadraki gbé òòlù lọ sí ibojì láàárọ̀ yìí, ó ní àna òun kò ní sùn ti àlejò. Ó gé ọwọ́ méjèèjì kúrò, alákàṣà náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ tiwa báyìí. Ṣùgbọ́n òkúta là lábẹ́ ọwọ́ òsì, ibẹ̀ sì ré bọ́. Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀.