Fúláwà Tí Mo Pamọ́ De Òjò

Màámi ọ̀wọ́n,

Ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ sọ ìyẹn kí n tó kí yín, torí ẹ̀yin nìkan lẹ kò ní bi mí pé ta ni kò rẹ̀.

Iṣẹ́ òjò náà ni mo ṣì ń ṣe ní Àbújá níbí. Bí òjò bá ti ṣú, màá sẹ́ fúláwà sínú àwo pẹrẹsẹ, màá sáré gbé e síta kí òjò ta sí i díẹ̀, màá sì tètè bò ó. Ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan á di hóró nínú rẹ̀. Màá yan wọ́n gbẹ, màá fi asẹ́ ya ńlá kúrò lára kékeré, màá sì wọ̀n wọ́n. Ibẹ̀ la ti ń mọ bí òjò ṣe lágbára tó, àti bí yóò ṣe gbẹ́ ilẹ̀ tó. Rédà tó wà ní pápákọ̀ òfurufú ń rí òjò láti òkèèrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kán ńlá mélòó kan péré lè tàn án jẹ.

Asẹ́ yín ni mo fi ń sẹ́ fúláwà. Mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ ti ń ṣe nídìí ààrò búrẹ́dì yín ní Ìwó. Èyí tó bá dà sílẹ̀, ẹ ó gbá a jọ, ẹ ó tún un sẹ́. Kí lẹ bá ti wí ká ní ẹ rí mi tí mò ń gbé fúláwà fún òjò?

Fúláwà sì ti wọ́n báyìí. Ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n kó àlìkámà wọlé mọ́. Mo wá gbogbo ọjà Wúsè kí n tó rí ìwọ̀nba tó kún àwo kan. Mo gbé e pamọ́ de òjò ńlá, torí ọ̀gá mi ti fẹ́ pa iṣẹ́ àwo tì, kó gbára lé rédà nìkan. Bí n kò bá rí òjò ńlá kan wọ̀n kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, iṣẹ́ mi parí nìyẹn.

Ibi tí mo ti ń retí òjò ni Jímọ̀ sàárà ọdún ikú yín ti dé. Ìyàwó mi ti rẹ ẹ̀wà àkàrà, àkàrà náà sì tó. Ṣùgbọ́n ta ní í ṣe sàárà oníbúrẹ́dì láìsí búrẹ́dì? Mo da fúláwà náà sórí tábìlì, mo pò ó, mo yan án ní búrẹ́dì. Kò wú dáadáa.

A kò tíì pín in tán lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí ní Kabusa tí òjò fi dé. Ẹ̀kán rẹ̀ tóbi, ó ń ta ni lára. Mo dúró sínú rẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì síta lófìfo, àgbàrá pupa ń kọjá lẹ́sẹ̀ mi. Láti ọjọ́ náà, òjò kankan kò tún tó o.

Wọ́n ti gba àwo lọ́wọ́ mi. Asẹ́ nìkan ni mo gbé wálé, torí tiyín ni. N kò tíì fọ̀ ọ́.

Màámi, ṣé búrẹ́dì náà dé ọ̀dọ̀ yín?

Èmi ọmọ yín, tí kò kábàámọ̀, tó kàn rẹ̀ ni.