Ọ̀rọ̀ Kan Tí Aurélien Sọ sí Ọtí Bàbá Firmin

Ọdún méje rèé tí ẹ ti lọ, Bàbá Firmin Dartigue. Ọdún méje, ilé ọtí ṣì ń rùn bí aṣọ iṣẹ́ yín.

Ẹ ò sí nílé, ṣùgbọ́n ilé ò dahoro. Odile ọmọ yín ló ń bójú tó oko báyìí. Àwọn àjàrà ẹ̀gbẹ́ kànga tí òtútù pa, ó ti tún wọn gbìn, wọ́n sì ti so. Baptiste tí ẹ máa ń gbé kọ́ èjìká ti ga ju Odile ìyá rẹ̀ lọ. Màmá Solange ìyàwó yín ṣì ń bu ọbẹ̀ sí àwo yín lọ́jọ́ Àìkú, kó tó rántí.

Ọtí àjàrà tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú yẹn náà ti dàgbà, Bàbá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àwa ará ilé ní í bá yín sọ lọ́dún yìí.

Ẹ rántí ìgbà ìrúwé tí àwọn atọ́tíwò dé, tí ọtí náà ṣì wà nínú àgbá. Ọ̀kan ní ó le bí awọ bàtà. Ọ̀kan ní ojú rẹ̀ dí, adùn rẹ̀ ò hàn. Ìyẹn ò dùn yín. Àlejò ò mọ ọmọ onílé. Aurélien Castagnet lẹ̀ ń wò, ẹni tó bá yín kórè nígbà tó wà nílé ìwé, tó jẹun lórí tábìlì yín, tí ẹ kọ́ bí a ṣe ń tọ́ ọtí wò, kó tó di ẹni tí gbogbo oníṣòwò ń ka ìwé rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù bí àwọn atọ́tíwò ti ń ṣe, ó rẹ́rìn-ín sí yín. Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, ọ̀rọ̀ kan ló kọ: "classique," ìyẹn ni pé ó bá ìlànà àtijọ́ mu.

Kò sí ará Bordeaux tí kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà ìrúwé. Bí ẹni bi ènìyàn pé, "Ṣé ìyàwó náà lẹ́wà?" tí onítọ̀hún ní, "Háà, ó níwà." Ìwà lẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi dáhùn bẹ́ẹ̀ ti bú ìyàwó. Àwọn oníṣòwò gbọ́, wọ́n sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa bí ẹni kọjá ilé olókùú.

Ẹ ò bú u. Ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í da ọtí náà sí ìyókù ọbẹ̀ nísàlẹ̀ àwo yín bí àwọn àgbà oko ti ń ṣe, ẹ ó gbé àwo sẹ́nu, ẹ ó ní, "Classique, wá bá mi parí ọbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe é títí ẹ fi lọ.

Lọ́dún yìí, àwọn atọ́tíwò tún padà wá tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì ti là. Ẹni tó pè é ní awọ bàtà ní ó ń ta sánsán bí ewé tábà àti igi kédárì. Ẹnìkejì ní adùn rẹ̀ bá òun délé. Aurélien sì kọ ọ́ pé: "Classique ni. Mo ti sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní." Ọ̀rọ̀ kan náà, Bàbá. Ọ̀bẹ tó fi gún yín ló fi ń gé ẹran àjọyọ̀.

Ó tún ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá jẹun ìrántí "bàbá òun," kí a ṣí ọtí náà de òun. Bí Odile bá ti ilẹ̀kùn, kálàmù tó gbé wa sókè lè tún tẹ̀ wá rì. Bí ó bá ṣí i, ọtí yín ni Aurélien yóò fi sin yín lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ṣí i. Aurélien dé pẹ̀lú gíláàsì tirẹ̀ lápò. Odile bu ọbẹ̀ fún un. Nígbà tó kù díẹ̀ nísàlẹ̀ àwo, ó gbé ìgò, ó dà á sí i.

"Odile, irú ọtí yìí? Nínú ọbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní classique ni. Ibi tí Bàbá ń da classique sí nìyẹn."

Màmá Solange ò gbójú sókè. "Gbé e mu, ọmọ mi. Bí ọkọ mi ṣe ń mu ọ̀rọ̀ ẹ nìyẹn lálaalẹ́."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo, ó mu ún tán. Kò sọ bó ṣe rí lẹ́nu. Ó gbé àwo kalẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ sin Bàbá sí?"

Ọdún méje, ọmọ tó ń pè yín ní bàbá ò mọ sàréè yín. Odile nawọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti ojú fèrèsé. Kò sìn ín dé ibẹ̀.

A ò dárí jì í lórúkọ yín, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ni ìdáríjì ọ̀hún. Àwa, àárò yín ṣì ń sọ wá, ìfẹ́ yín ò sì kúrò lọ́kàn wa. Ìyókù ìgò náà ti wà nínú àwo yín, lórí ọbẹ̀ tí Màmá tún bù. Ẹ wá bá wa parí ẹ̀.