Ṣíà Bánkì Kì í Ṣe Iṣu

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àìrí èmi Àṣàbí yín. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kàdúná níbí. Mo kí Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Lásísì, tó ń bá yín ka lẹ́tà láti ìgbà tí ojú yín ti ń ṣe bàìbàì. Nítorí tirẹ̀ gan-an ni mo ṣe gbé lẹ́tà yìí fún ìwé ìròyìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé pé ẹ jẹ́ ká ta ṣíà bánkì yẹn. Ará Ògbóòro, ìlú wa, kan yà lọ́dọ̀ mi, mo bi í bóyá ẹ ti gbọ́. Ó ní ohun tí ẹ ń sọ fún àwọn ènìyàn ni pé òtútù ń mú Àṣàbí, àti pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Bùrọ̀dá Lásísì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ka ti òtútù, ẹ fo ti ṣíà. Ó ti wà nínú ìwé ìròyìn báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá rà á ní Ṣakí lè kà á fún Bàbá.

Òtútù náà kúkú ń mú mi. Ọyẹ́ ibí le ju ti ilé lọ, eruku rẹ̀ ń wọ inú ilé-iṣẹ́ aṣọ tí mo wà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo aṣọ bó ṣe ń ti orí ẹ̀rọ bọ̀, kí n mú ibi tí òwú bá ti já. Wọ́n ń san owó wa, ó kàn máa ń pẹ́ díẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Àṣàbí níbí, orúkọ tó wà lára káàdì mi ni wọ́n ń pè, ó sì ti mọ́ mi lára. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló máa ń ṣe mí bákan, ilé ni mo máa ń rántí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ṣíà. Nígbà tí ìjọba ní kí ọmọ Nàìjíríà wá ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó, owó iṣu ni ẹ fi ra ti bánkì yìí, èmi ni mo bá yín gba fọ́ọ̀mù. Ọdún àkọ́kọ́ dára, èrè tó wọlé ni ẹ fi ra páànù. Láti ìgbà náà ló ti ń kéré sí i. Lọ́dún tó kọjá wọn ò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, iye tí a lè ta ṣíà náà sì ti já wálẹ̀ gidigidi. Nígbà tí mo wálé Iléyá, ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀. Ẹ ní ṣebí iṣu náà máa ń pọ̀ lọ́jà lẹ́yìn ìkórè, ẹni tó bá lè dúró títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀ ló ń tà á lówó gọbọi. Bùrọ̀dá Lásísì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ nípa iṣu. Ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹun, iṣu tuntun ò sì tíì jáde, ó di dandan kó wọ́n. Ṣíà ò ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá alágbàtà tó ń bá wọn tà á níbí, mo bi í bóyá nǹkan kan wà tó lè gbé bánkì náà dìde. Ó ní òun ò rí i, àwọn tí wọ́n yá lówó ò dá a padà. Mo bi í pé ìgbà wo ló yẹ kí ènìyàn tà. Ó ní kí n bi ara mi léèrè, bó bá jẹ́ owó ló wà lọ́wọ́ mi lónìí, ṣé màá fi ra ṣíà bánkì yẹn? Ẹ̀rín pa mí. Mo ti dáhùn nìyẹn.

Ó wá ku ojú yín. Dókítà ojú tí mo bá sọ̀rọ̀ níbí ní iṣẹ́ abẹ lè mú nǹkan funfun tó bo ẹyinjú yín yẹn kúrò, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kó pẹ́. Nígbà Iléyá yẹn, ẹ ò gbà kí n yáwó fún un. Ẹ ní ṣíà lẹ máa tà, ìyẹn tó bá padà sí iye tí ẹ rà á. Bàbá, bánkì ò rántí iye tí ẹ rà á. Àwa nìkan la rántí. Iye tó ń lọ lónìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó iṣẹ́ abẹ náà, mo ti béèrè.

Ẹ rántí ọdún tí iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nínú abà. Ẹ ò dúró de òjò kankan. Ẹ ránṣẹ́ pe àwọn oníṣòwò Ìlúà, ẹ ta gbogbo rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, ẹ wálé, ẹ jẹun, ẹ sùn. Ìyá ló sunkún, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwé títa ṣíà tí ẹ máa fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ ará Ògbóòro náà, kí Bùrọ̀dá Lásísì sì mú yín wá sí Kàdúná. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè wálé lọ́jọ́ kan kí ẹ máa béèrè pé ta nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun lọ́ra ẹ̀mí yín, kó fi àlàáfíà sínú ilé wa. Mo kí gbogbo ará ilé, mo kí àwọn tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀. Bí ṣíà náà bá wá wọ́n lẹ́yìn tí a tà á, kí ẹ fi ojú ara yín kà á nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín kọ lẹ́tà bú mi. N óò tọ́jú lẹ́tà náà.

Èmi ni Àṣàbí, ọmọ yín.