Kọ̀ǹpútà Kò Mọ Ìyálé

Abúlé Aṣípa,
lọ́nà Odẹ́dá.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2008.

Dàmọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara rẹ le, ṣé yàrá tí o gbà ní Kétu kò jò mọ́? Ọlọ́run tó mú ọ kúrò lábúlé láìfẹsẹ̀kọ kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀ o. Àwa náà wà. Bàbá rẹ ń wúkọ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ewúrẹ́ wa sì bí méjì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, nítorí mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àgbà láti oṣù tó kọjá. Èmi ni mo dé gbẹ̀yìn, n kò tíì rí ẹni bá ṣọ̀rẹ́, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó tí mo ń wò wọ́n, n kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lónìí n ó sọ̀rọ̀, nítorí inú ń bí mi.

Iṣẹ́ tí o ṣe fún ẹbí wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ń wí. Gbogbo èèyàn ló yìn ọ́ pé ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Magodo ti kó orúkọ gbogbo ẹbí síbẹ̀, pé ẹni tí a bá wá, yóò jáde. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé ẹbí ní Sátidé tó kọjá, nílé Bàbá Ìkòsí, àbúrò bàbá rẹ tó jẹ́ akọ̀wé wa, iṣẹ́ rẹ dójú tì mí.

A fẹ́ mọ ẹni tí yóò fọ ẹsẹ̀ Jọkẹ́, ìyàwó tí Ládé ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ń gbé bọ̀ wá sílé. O mọ̀ pé ìyálé ló ń fọ̀ ọ́. Ìyá Àpínkẹ́ ni ìyálé wa, ṣùgbọ́n wọ́n ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé méjì, wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́, ẹni tó tẹ̀lé wọn ló kàn, èmi sì ni ẹni náà. N kò rò pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ni Bàbá Ìkòsí bá ní ayé ti lajú, ká béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá gbé sókè ni yóò fọ ẹsẹ̀.

Nimat, tó kéré jù nínú àwa ìyàwó, di ohun kan mú bí ọṣẹ tó ní okùn nídìí, ó wá àwọn ìyàwó ilé, orúkọ wa mọ́kànlá sì jáde. Èmi Wúràọlá ni mo wà nísàlẹ̀ pátápátá! Mo béèrè ohun tí mo ṣe. Nimat ní kí Mummy má bínú, pé ABC ló fi tò wá. Mo ní mo mọ ABC, òun la ń kọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ABC kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọlé.

Ó tẹ ibi tí o kọ ọjọ́ orí sí, gbogbo wa bá sáré pààrọ̀ ipò bí ọmọ iléèwé tí tíṣà wọlé bá. Keziah bọ́ sókè. Keziah, ìyàwó Bàbá Ìkòsí fúnra rẹ̀! Òótọ́ ni pé ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo ti lo ọdún márùn-ún nílé kí wọ́n tó gbé e dé, ìyálé ló sì ń pè mí títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní kí ìyálé òun jọ̀ọ́ máa bọ̀ lẹ́yìn, pé òun á ṣẹ́ omi díẹ̀ kù fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìkòsí ní kọ̀ǹpútà kì í ṣègbè.

Mo wá fara balẹ̀ wò ó dáadáa. Ìyá Àpínkẹ́ ló wà nísàlẹ̀ gbogbo wa, Nimat ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún sì jókòó lé wọn lórí! Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ̀rọ rẹ ń kà. Ó rí 1 níwájú 102, ó rí 2 níwájú 23, ó ní 2 ló dàgbà. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́, Nimat kúnlẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń bẹ Ìyá Àpínkẹ́ tí kò sí níbẹ̀.

Ó wá sọ sí mi létí pé bí òun bá tẹ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo rẹ̀ á dorí kodò, èmi ni n ó sì wà lókè. Mo kọ̀. Ipò tí ìka kan gbé fún mi, ìka mìíràn á gbà á.

Bàbá Ìkòsí ti ní bí o kò bá tún un ṣe kí ìyàwó tó dé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Keziah ni yóò bu omi. Dàmọ́lá, kí ló ṣe ọ́? O kọ orúkọ, o kọ ọjọ́ orí, o tilẹ̀ kọ nọ́ńbà fóònù, o kò kọ ọdún tí a wọlé. Ilé ta lo ti rí i tí wọ́n ń fi ọjọ́ orí mọ ìyálé? Fi ìlà kan kún un, kọ ọdún tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé sórí rẹ̀, kí ó ṣeé tẹ̀ bíi ti yòókù, kí ó sì ti tò wá bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo ti kọ ọdún àwa mọ́kànlá sẹ́yìn ìwé yìí, n kò purọ́ kankan síbẹ̀: Ìyá Àpínkẹ́ ló ṣáájú, èmi tẹ̀lé wọn ní 1971, Keziah wọlé ní 1976.

Fi owó ọkọ̀ Ìkòsí ránṣẹ́ sí mi, àti owó báírò, èyí ti ń gbẹ. Fi ti oògùn ikọ́ bàbá rẹ kún un.

Bí wọ́n bá ní kí o mú ẹ̀rí wá, Ìkòsí kò jìnnà sí ọ, lọ bi Keziah ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó wọlé. Èmi ni, Ìyá Àpínkẹ́ ló ní kí n ṣe é dípò àwọn. Omi náà tutù, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó di èjìká mi mú kó má baà ṣubú.

Ọlọ́run yóò tò ọ́ sí àárín àwọn ẹni rere, kò sí ọwọ́ tí yóò tẹ̀ ọ́ bọ́ sísàlẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wúràọlá,
ìkejì nínú mọ́kànlá.