Mummy Kọ Ebè fún Òdòdó

                                        18, Alder Reach,
                                        Thamesmead,
                                        London.
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, ọdún 2014.

Ẹyinjú-ẹgẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú àìrí ara wa. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti padà sílé ìwé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde? Orúnkún tó ń dùn ọ́ nígbà ọyẹ́, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Òjò ńkọ́ ní Ìjerò, ṣé ó ti ń rọ̀ dáadáa, àbí ẹ ṣì ń ra omi? Àwa náà ń bẹ níhìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ Abíọ́nà ṣì ń wa bọ́ọ̀sì, èmi náà ń ti ilé arúgbó kan bọ́ sí òmíràn lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú, Ẹ̀ríolúwa ọmọ wa ti ga jù mí lọ báyìí, ó sì ti mọ̀ pé òun ga jù mí lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Bí a bá ní ká tẹ̀lé àṣà, ó yẹ kí n kúnlẹ̀ kí n tó la ẹnu, nítorí ọkọ ni o jẹ́ fún mi, ìyàwó ni mí. Ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé kí o tó fà mí lọ sílé yín lọ jẹ iyán, tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi rí mi. Ọwọ́ ara rẹ lo fi fà mí wọlé. Nítorí náà, jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ́ bí ọ̀rẹ́.

O sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ lórí fóònù pé èmi ni mo ní kí Mummy má wálé mọ́, pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo fẹ́ sọ wọ́n dà. Ṣọlápé, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ilé ìwẹ̀ ni mo wọ̀ lọ, mo sunkún. Mo mọ̀ pé o ti kun yàrá, o ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, o ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìyá rẹ ń bọ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi wá sọ fún ọ pé a ti sún tíkẹ́ẹ̀tì Mummy síwájú láìsọ ìdí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní sùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ́. Gbogbo ìgbà tí o bá ń pè ni Mummy máa ń wà nítòsí, n kò sì lè máa sọ̀rọ̀ wọn lójú wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ì bá sọ ọ́, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kì í sọ ju “ó dáa” àti “kò burú” lọ lórí fóònù. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, tí mo fi rán Mìkáílù tó ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yìí. Fara balẹ̀ kà á. Òdòdó ló fa gbogbo rẹ̀.

Má rẹ́rìn-ín. Òdòdó ni mo wí.

Láti ìgbà tí a ti sin Daddy sí ìlú yìí ni Mummy ti dákẹ́. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ jẹ, wọ́n á ní ohunkóhun. Bí mo bá tan tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa wo ògiri. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbálẹ̀ ní ọsibítù ẹ̀gbẹ́ Woolwich Common, tí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń sá fún ẹnu rẹ̀! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń sọ fúnra wọn ni pé àwọn ń lọ sílé, àwọn ń lọ bá Ṣọlápé. A kò bá wọn jiyàn. Ta ló máa ní kí ìyá má lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀?

Ní ọjọ́ Ìsinmi àwọn ìyá lọ́dún tó kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Plumstead pín òdòdó fún gbogbo ìyá. Inú ìkòkò kékeré ló wà, ó pupa rúsúrúsú, ẹnu rẹ̀ yọ síwájú bíi ti fèrè. Dáfódìlì ni wọ́n ń pè é. Wòlíì ti gbàdúrà sí gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó pín in. Mummy gbé tiwọn lé orí itan nínú bọ́ọ̀sì títí a fi délé, wọ́n gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi àdúrà rin ín. Mo ní omi ẹ̀rọ náà tó, wọ́n ní ohun tí a fi àdúrà fún àwọn, àdúrà ni àwọn yóò máa fún un mu. Inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ yẹn gùn ju gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún mi láti ọjọ́ pípẹ́ lọ.

Kò pẹ́ tí òdòdó náà fi rọ. Orí rẹ̀ tẹ̀, ó gbẹ, ewé nìkan ló kù. Mo na ọwọ́ sí ìkòkò náà kí n lọ dà á nù, Mummy sì di ọwọ́ mi mú.

“Ohun tí a ti gbàdúrà sí, a kì í dà á sórí ààtàn. Fọlákẹ́, ṣé ó ti kú ni?”

N kò mọ̀. Ìwọ náà sì mọ ojúmìító mi, n kì í lè fi ohun tí n kò mọ̀ sílẹ̀ kí n sùn. Mo lọ bá Raymond, bàbá òyìnbó tó ń gbé ilé ẹ̀gbẹ́ wa, tó fẹ̀yìn tì, tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ro ọgbà. Ó ní kò kú, pé ó ń sùn ni. Ó ní kí a má gé ewé rẹ̀, nítorí ewé ló ń bọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀; bí ó bá ti gbẹ fúnra rẹ̀, kí a tú u kúrò nínú ìkòkò, kí a rì í mọ́lẹ̀ nínú ọgbà, yóò jí lọ́dún tó ń bọ̀. Mo bi í pé ta ni yóò jí i. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń gbin òdòdó, ẹnì kan kò tíì bi òun bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sọ fún Mummy. Láti ìgbà náà, láràárọ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ kan ewé náà wò. Nígbà tí ó pọ́n, tí ó sì gbẹ, ojú wọn là. Wọ́n ní bí ewé iṣu ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn, pé ohun tó wà nísàlẹ̀ ti gbó.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ní kí n lọ dirun ní Powis Street, bí mo bá dé, èmi àti wọn á jọ gbé òdòdó náà sínú ọgbà. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Nígbà tí n ó fi dé, iṣẹ́ ti ń parí lọ. Wọ́n ti tú u kúrò nínú ìkòkò. Àwọn nǹkan bí àlùbọ́sà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n so mọ́ra bí ọmọ ìyá. Ṣọlápé, Mummy ti fi ọ̀bẹ là wọ́n! Wọ́n gé wọn bí ẹni gé ẹ̀bù iṣu, wọ́n rí i pé ìdí wà lára ègé kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi eérú inú ààrò tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ń yan ẹja pa wọ́n lára, wọ́n sá wọn sórí páálí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, wọ́n ti kọ ebè. Ebè gidi, tó rí rogodo, ní Thamesmead! Raymond dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó rọra sọ fún mi pé a kì í gé e, pé jíjẹrà ni yóò jẹrà.

Mo ké. Mummy ò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ṣé ìwọ lo máa kọ́ ọmọ àgbẹ̀ Ìjerò bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan? Bí a ò bá gé e, báwo ló ṣe máa pọ̀?”

Mo bi wọ́n pé kí la fẹ́ fi púpọ̀ ṣe. Wọ́n mú ègé mìíràn, wọ́n fi eérú pa á lára. Ó ku ẹyọ kan tí ọ̀bẹ ò tíì kàn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìyẹn ta mí lọ́rẹ, mo sì gbin ín lódindi sí ẹ̀bá fẹ́ǹsì bí Raymond ṣe wí. Mummy ní ọ̀lẹ ni mí.

Bí òtútù ṣe dé nìyẹn. Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi: kí ni wọ́n fẹ́ fi òdòdó púpọ̀ ṣe? Wọn kì í tà á, wọn kì í jẹ ẹ́. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ níhìn-ín ń rìn láàárín ilé bí ewúrẹ́, ó sì ń fẹsẹ̀ tú ilẹ̀. Mummy lọ mú imọ̀ ọ̀pẹ tí ṣọ́ọ̀ṣì fún wọn ní ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, wọ́n fi lé orí ebè bí ààlè. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ London ò mọ ààlè. Ó tú ebè kan, Mummy fi ẹnu lé e dé ojú títì pẹ̀lú èdè Èkìtì pọ́ńbélé, èmi sì dúró ní ilé ìdáná, mò ń rẹ́rìn-ín pé ẹnu tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sá fún ti padà dé.

Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún yìí, tèmi jí. Ó yọ òdòdó rúsúrúsú bíi tàná. Orí ebè Mummy ńkọ́? Ewé tín-ín-rín ló yọ, bí irun, bí koríko, kò sí òdòdó kankan. Ẹ̀rù bà mí láti pè wọ́n wá wò ó. Raymond wọlé wá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, ó fọwọ́ pa ewé náà, ó ní òun ti ṣèwádìí: àwọn tó ń fi òdòdó ṣòwò máa ń gé e bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni ohun tó ń jáde, ó máa tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó yọ òdòdó. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Mummy. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ní kó sún tíkẹ́ẹ̀tì àwọn síwájú. Ó bi wọ́n pé di ìgbà wo, wọ́n ní títí àwọn ọmọ àwọn yóò fi yọ òdòdó. N kò ní parọ́ fún ọ, mo rò pé ìbànújẹ́ ti fẹ́ dà wọ́n lórí rú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àwọn ìyá tọdún yìí, bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, wọ́n ní kí n lọ wú òdòdó tèmi tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, kí n gbé e sínú ìkòkò, kí n sì tẹ̀ lé àwọn. Mo bèèrè ibi tí à ń lọ, wọ́n ti ń rìn lọ níwájú. Itẹ́ òkú tó wà lókè Plumstead la lọ, sí ojú oórì Daddy, nínú sùtánà wa funfun.

Ìwọ ò tíì débẹ̀ rí, nítorí wọn ò fún ọ ní ìwé ìrìnnà nígbà ìsìnkú. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ. Òdòdó dáfódìlì kún orí gbogbo sàréè tó yí i ká, gbogbo ibẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ti Daddy, erùpẹ̀ àti àgbélébùú onígi, kò tún sí nǹkan mìíràn. Mo ti débẹ̀ tó ìgbà mélòó kan, ojú mi ò rí i. Èmi tí mo ní mò ń wádìí gbogbo nǹkan.

Mummy kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wọn gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbin òdòdó mi síbẹ̀. Wọ́n ní láti ọdún tó kọjá ni àwọn ti rí i pé gbogbo ará ibẹ̀ ló ní aṣọ lára, àfi ọkọ àwọn. Ìkòkò kan ò lè bò ó. Ìdí tí àwọn fi gé e nìyẹn, kó lè pọ̀ tó láti yí i ká kí àwọn tó lọ sílé. Mo jókòó sórí koríko pẹ̀lú sùtánà mi, mo sunkún bí ọmọdé. Mummy ní kí n dìde, pé koríko tutù.

Fọ́tò tó wà nínú lẹ́tà yìí, ọjọ́ yẹn ni mo yà á. Mo fẹ́ kí Mummy wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n má ya àwọn, kí n ya bàbá rẹ. Òdòdó kan ṣoṣo yẹn ló wà lórí rẹ̀, ó dà bí fìlà tó kéré fún olórí ńlá. Tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, tún lọ bèèrè ìwé ìrìnnà náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, kí Auntie Juliana, kí ìyá Kàfí tó ń bá ọ tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n kí ọ, “ó dáa” ló ní kí n kọ. Mo wá bi Mummy pé kí ni kí n sọ fún ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an nìyí:

“Sọ fún un pé mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi bàbá ẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò, kí n wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tuntun.”

Èmi ni ìyàwó rẹ, ọ̀rẹ́ rẹ láti orí bẹ́ǹṣì,
Fọlákẹ́mi.