Ojú Ìwé Mẹ́jọ Tí Ẹ Ní Kí Wọ́n Yọ

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nínú agbọ̀n ìdọ̀tí ilé ìtẹ̀wé wa nìyí: ike gọ́ọ̀mù méjì, òwú tó já, àti ojú ìwé mẹ́jọ nínú ìtàn tí ẹ kọ, ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí yín. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Màmá ti ń san, oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé.

Inú ojú ìwé wọ̀nyẹn ni ìyá arúgbó tó ń ṣọ́ afárá ti ń rán òjìji tó jí lára àwọn arìnrìn-àjò mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìní òjìji, kí oòrùn má baà pa wọ́n.

Mo bi ọ̀gá wa pé ta ló yọ ọ́.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Ó ní ìwé ti gùn jù. Olè sáà ni ìyá yẹn, àbí ẹbí ẹ ni?”

Mi ò sọ pé kò jalè. Ó jalè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí nígbà àìsàn mi, tí ẹ ń sọ ìtàn rẹ̀ fún mi, tí ẹ ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin náà lẹ wá fi olè jíjà rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé, tí ẹ da oore rẹ̀ nù.

Mo kọ̀, mi ò rán ìwé kankan pọ̀ mọ́. Ọ̀gá lé mi wálé, mo sì kó gbogbo ojú ìwé náà dání. Ìparí oṣù ni wọ́n máa lẹ èèpo ìwé náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n kó tó dìgbà náà, kí wọ́n lè dá ojú ìwé wọ̀nyẹn padà sínú rẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín gé ohun tí ọkàn yín kọ.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo tó fẹ̀yìn lélẹ̀, lẹ́yìn tí mo nu gọ́ọ̀mù kúrò lára ojú ìwé tó kẹ́yìn.