Ẹni Tó Ń Gbálẹ̀ Abẹ́ Igi Bódì

Ajé, 28 Oṣù Ògún
Ìrẹsì jinná kí àkùkọ tó kọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà bíi ti àná, mo ń fi òkèlè kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ àwọn àlùfáà Búdà bí wọ́n ṣe ń tò kọjá nínú aṣọ aláwọ̀ ọsàn wọn. Ìrònú kan náà ló wà lọ́kàn mi — Sengphet. Láti oṣù tó kọjá ni ọkọ̀ ojú omi tí òun àti àwọn kan fi ń kó àgbàdo ti dojú dé lórí odò Mékong, nígbà tí omi kún. Wọ́n rí ọ̀gá ọkọ̀. Wọ́n rí àwọn yòókù. Wọn ò rí ọmọ tèmi, wọn ò rí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá.

Lẹ́yìn àdúrà, kálukú da omi sílẹ̀ fún òkú rẹ̀. Phonsy, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, na ìgò omi sí mi. Ó ní, "Màmá, ẹ dà á fún un." Mo ní omi tó wà lọ́dọ̀ ẹni tí odò gbé ti tó o, kí ló fẹ́ fi tèmi ṣe? Òun náà ti gbẹ bí ẹja orí ààrò. Ìyẹn tún jẹ́ ìdààmú lọ́tọ̀.

Ọjọ́rú, 30
Bàbá Àlùfáà, àgbà tẹ́ḿpìlì wa, ń bi àwọn ọ̀dọ́ àlùfáà léèrè ta ló gbá àgbàlá kílẹ̀ tó mọ́. Kálukú ní òun kọ́.

Ẹtì, 1 Oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀
Mo lọ wò ó fúnra mi. Abẹ́ igi Bódì, igi ọ̀wọ̀ tẹ́ḿpìlì, mọ́ tónítóní, bẹ́ẹ̀ igi yẹn kì í sinmi ewé jíjá. Ojú ìgbálẹ̀ hàn lórí yanrìn. Ó ṣí sí ọwọ́ òsì, sí ìhà odò. Ọ̀tún ni gbogbo wa ń gbá sí. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń gbálẹ̀ báyìí, Sengphet, ọlọ́wọ́ òsì. Nígbà tó wà ní kékeré tó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn àlùfáà, igi yìí ni wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀. Òsì ni mo ń pè é, títí ó fi hu irùngbọ̀n.

Mi ò sọ fún Phonsy.

Àbámẹ́ta, 2
Mo sọ fún Phonsy. Ó sunkún. Ó ní, "Ṣé ẹ wá rí i, Màmá? Ebi ló ń pa á. Ẹni tí wọn ò bá pe orúkọ rẹ̀ mọ́ òkú, kì í rí jẹ lọ́hùn-ún, kì í sì í rọ́nà padà. Ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ Ìrẹsì-Ilẹ̀ ń bọ̀." Ọjọ́ yẹn là ń di oúnjẹ sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí à ń gbé e sílẹ̀ fún àwọn òkú kójúmọ́ tó mọ́.

Mo ní n kì í bọ́ alààyè nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 5
Mo bá Bàbá Àlùfáà níbi tó ti ń fi epo ra orúnkún. Mo bi í bóyá ọmọ mi ni. Ó ní, "Ewé já. Ẹnì kan gbá a. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, ìyá Phonsy." Mo ní kí wá ni kí n ṣe. Ó ní kí ni mo ṣe lánàá. Mo ní mo se ìrẹsì. Ó ní, "Sè é lónìí."

Mo ní ó ti rẹ̀ mí. Ó ní ó ti rẹ orúnkún òun náà, síbẹ̀ orúnkún ọ̀hún ló gbé òun dé orí ẹní. "Búdà ò ní kó o ru gbogbo ọjọ́ ayé rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Òní nìkan ni wọ́n gbé lé ọ lórí. Tó o bá rù ú délé, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó o sùn."

Mo rù ú délé. Ó wúwo.

Àbámẹ́ta, 9
Ìyá Oudone, aládùúgbò mi, sọ̀rọ̀ sí mi láti òdìkejì ògiri: "Ìwọ tó ń bọ́ àlùfáà nítorí ẹni tó ti bọ́ ẹja yó." Lẹ́yìn náà ó na ìbẹ́pẹ kan sí mi. Mo gbà á. Mi ò jẹ ẹ́.

Ọjọ́rú, 13
Phonsy ò jẹun láti àná. Ó ní òun ò ní jẹ àfi tí àbúrò òun bá jẹ. Ọmọ méjì — ọ̀kan wà lódò, ọ̀kan fẹ́ gbẹ mọ́ mi lójú. Mo ti gbà.

Ọjọ́bọ̀, 14
Ọjọ́ Ìrẹsì-Ilẹ̀. Mo ṣe é. Ìrẹsì, ẹja yíyan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, sìgá kan. Mo gbé e sẹ́yìn igi Bódì, mo da omi, mo pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ti bàbá rẹ̀ àti ti ìyá mi. Ohùn tó jáde ò jọ tèmi. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ewé sì ń já.

Phonsy jẹun.

Ẹtì, 15
Ẹnikẹ́ni ò gbálẹ̀. Ewé bo gbogbo àgbàlá. Ajá tẹ́ḿpìlì ti tú oúnjẹ òkú gbogbo èèyàn jẹ, àfi tèmi. Kódà, èèrà kan ò sí lára rẹ̀.

Bàbá Àlùfáà wò mí títí. "O pè é?" Mo ní mo pè é. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti fẹnu ara mi sin alààyè. Kò dá mi lẹ́bi, kò sì tù mí nínú. Ó ní, "Ohun tó ti ẹnu jáde ti jáde. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Àbámẹ́ta, 16
Mo gbálẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi bó.

Àìkú, 17
Mo gbá a. Kí n tó dé ẹ̀yìn, iwájú ti kún. Ìdì tí mo gbé sílẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Mo gbálẹ̀ yí i ká.

Ọjọ́rú, 20
Òjò. Ewé lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí awọ. Mo gbá a. Ìyá Oudone ní kí n kúkú fárí kí wọ́n fi mí joyè àlùfáà.

Àìkú, 24
Ẹ̀yìn ń dùn mí, mo fẹ́ jókòó sílé. Òní nìkan, mo wí fún ara mi. Mo lọ. Nígbà mìíràn, ó ń ṣe mí bíi pé ọwọ́ kan di igi ìgbálẹ̀ náà mú pẹ̀lú mi. N kì í bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀, 28
Sengphet wà láàyè.

Nọ́ọ̀sì kan ló pe fóònù Phonsy láti òdìkejì odò, nílẹ̀ Tháílàǹdì. Apẹja ló fà á jáde. Kò lajú látìgbà náà, wọn ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Àárọ̀ òní ló lajú, ó sì ka nọ́ńbà yìí fún wọn.

Nọ́ọ̀sì náà ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní aláìsàn yìí yà àwọn lẹ́nu. Ní gbogbo ìdájí, ọwọ́ òsì rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀ lórí aṣọ ibùsùn bí ẹni ń gbálẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì sẹ́yìn, ọwọ́ náà dúró, èémí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Wọ́n ti ń múra láti bò ó lójú. Ní Àbámẹ́ta, ọwọ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tún.

Phonsy gbé fóònù sílẹ̀. Ó fa ọwọ́ mi, ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Ọ̀wàrà
Sengphet wọlé. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò rù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá tín-ín-rín ju èmi tí omi gbé lọ." Phonsy gbá a létí, ó dì mọ́ ọn. Mo se ìrẹsì.

Ọwọ́ ọ̀tún ló fi jẹ ẹ́. Mo ní bóyá àìsàn ni.

Ọjọ́rú, 4
Ó bá wa lọ sí tẹ́ḿpìlì ní ìdájí. Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀. Ojú ìgbálẹ̀ rẹ̀ ṣí sí ọ̀tún, bíi tèmi gẹ́lẹ́. Mo ní, "Òsì, ìgbà wo lo yí ọwọ́ padà?" Ó wò mí. Ó ní, "Màmá, báyìí ni mo ṣe ń gbá a látilẹ̀. Ta ló ń jẹ́ Òsì?"

Phonsy wo ilẹ̀.

Mo yí lọ sẹ́yìn igi, níbi tí ẹnì kankan nínú wa ò tíì dé lónìí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti mọ́. Ojú ìgbálẹ̀ ṣí sí òsì, sí ìhà odò. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fi di oúnjẹ wà níbẹ̀, ó ṣófo, wọ́n ká a dáadáa.

Mi ò bi Bàbá Àlùfáà. Mo mọ ohun tó máa sọ.

Lọ́la, màá se ìrẹsì. Ti ẹni tó wà nílé. Ti ẹni tó wà lábẹ́ igi.